Olùṣọ́ Búrẹ́dì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ilé Kan Nínú Ẹbí Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọba. Ọ̀rọ̀ ohun jíjẹ ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi mu tíì ní òwúrọ̀ òní kí a tó jáde nílé.

Ìbéèrè ọmọdé kan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, a ń ka Bíbélì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà sì na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ‘Lord’ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe Ọlọ́run. ‘Lord’ kan náà ni wọ́n sì ń pe ọlọ́lá wọn tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀. Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà nínú àwọn méjèèjì?” Èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wá ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, mo rí i pé kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ nínú àwọn méjèèjì. Baálé ilé kan ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, ọkùnrin tí ń ṣọ́ búrẹ́dì fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí ebi má baà pa wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe àlàyé fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹbí tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò dá wà ní ayé. Ìyá kan náà ni ó bí òun àti èdè àwọn ará Jámánì, ti àwọn ará Họ́láńdì, ti Dẹ́nmáàkì, ti Swídìn, ti Nọ́wè àti ti erékùṣù Áísìláǹdì. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe gbogbo wọn ní ẹbí èdè Jámáníìkì. Èdè tí í ṣe ìyá wọn ti kú tipẹ́, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n bí a ti lè mọ ojú bàbá tí ó ti kú lára àwọn ọmọ tí ó bí, bẹ́ẹ̀ ni a lè mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ èdè náà lára àwọn èdè tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀nà náà kò ṣòro fún wa láti lóye, nítorí irú rẹ̀ wà nílé wa. Bí ará Ọ̀yọ́ bá wí pé “ilé”, ará Èkìtì a wí pé “ulé”. Bí ará Ọ̀yọ́ bá wí pé “iṣẹ́”, ará Èkìtì a wí pé “uṣẹ́”. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè rò pé àṣìsọ ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nígbà púpọ̀ yóò mọ̀ pé bí ìró ọ̀rọ̀ ti ń yí padà láti ilú dé ilú ní ètò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Gẹ̀ẹ́sì ń pe òkúta ní “stone”, ará Jámánì ń pè é ní “Stein”. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ibùgbé ẹni ní “home”, ará Jámánì ń pè é ní “Heim”. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìdajì ní “half” àti ọmọ màlúù ní “calf”. Ará Jámánì ní “halb” àti “Kalb”. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá pe odindi búrẹ́dì kan ní “loaf”, tí ará Jámánì sì pè é ní “Laib”, a kò ní láti máa méfò mọ́. Àárín ọ̀rọ̀ náà bá ti “stone” àti “Stein” mu, òpin rẹ̀ sì bá ti “half” àti “halb” mu. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu méjì ni ó ń sọ ọ́.

Ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í pè é ní “loaf”. “Hlāf” ni wọ́n ń wí, pẹ̀lú èémí tí a kọ́kọ́ mí jáde kí a tó sọ ìyókù. Irú èémí bẹ́ẹ̀ wà ní iwájú ọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà náà: òrùka, tí í ṣe “ring” lónìí, “hring” ni ó ń jẹ́; ariwo tí ó ròkè, tí í ṣe “loud”, “hlūd” ni ó ń jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti sọ èémí náà nù, ṣùgbọ́n àwọn ará Áísìláǹdì, tí wọ́n wà ní àdádó láàárín òkun, pa á mọ́ títí di òní: “hringur” ni òrùka wọn, “hleifur” ni odindi búrẹ́dì wọn.

Ìwé gígùn tí ó pẹ́ jù lọ nínú ẹbí èdè yìí ni Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ fún àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Goth, ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ìtàn ọkùnrin yìí yẹ kí ó wọ̀ wá lọ́kàn. Onígbàgbọ́ ni àwọn ìyá àti bàbá rẹ̀ àgbà, ará Kappadokia ni wọ́n. Àwọn Goth ni ó kó wọn lẹ́rú lọ. Ọmọ ọmọ àwọn ẹrú náà ni ó wá ṣẹ̀dá álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè àwọn tí ó kó wọn lẹ́rú, tí ó sì fi Ìwé Mímọ́ fún wọn ní èdè wọn. Àwa tí a mọ̀ pé a kó Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, tí òun náà sì di bíṣọ́ọ̀bù àti olùtúmọ̀ Bíbélì, kò lè gbọ́ ìtàn Wulfila bí ìtàn àjèjì. Apá kan nínú iṣẹ́ Wulfila wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Uppsala ní Swídìn, nínú ìwé kan tí a fi tàdáwà fàdákà àti ti wúrà kọ sórí awọ aláwọ̀ elésè-àlùkò ní ọ̀rúndún kẹfà.

Nínú Bíbélì yìí, níbi tí Olúwa wa ti kọ́ wa láti bèèrè oúnjẹ òòjọ́, “hlaif” ni Wulfila kọ. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ náà ti yà mí lẹ́nu ju èyí lọ. Nínú ìhìn rere Jòhánù, orí 11, ẹsẹ 16, níbi tí Tómásì ti bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n bá Olúwa lọ, orúkọ tí Wulfila fi pe àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ni “gahlaiba”. “Ga” túmọ̀ sí papọ̀. “Hlaiba” ni búrẹ́dì. Ẹni tí ẹ jọ ń jẹ búrẹ́dì kan náà ni ẹlẹgbẹ́ rẹ. Nínú ìwé sí àwọn ará Fílípì, orí 2, ẹsẹ 25, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fi pe ẹni tí ó jẹ́ ọmọ-ogun ẹgbẹ́ ẹni. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń sọ èdè Látìnì wò, tí wọ́n fi ṣe “companio” tiwọn, láti inú “com”, papọ̀, àti “panis”, búrẹ́dì. Láti inú èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nípasẹ̀ àwọn Faransé, ti rí “companion” àti “company”. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan nínú wa bá wí pé òun ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì, jíjẹ búrẹ́dì papọ̀ ni ó dárúkọ láìmọ̀.

Àwọn aládùúgbò ẹbí Jámáníìkì náà yá ọ̀rọ̀ yìí lò láti ayé àtijọ́. “Khleb” ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe búrẹ́dì, “chleb” ni àwọn ará Pólándì ń pè é, “leipä” sì ni ti àwọn ará Fínláńdì. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí búrẹ́dì gbogbo títí di òní. Ṣùgbọ́n nílé tí ó ti jáde, ó ti kéré sí i. “Loaf” àti “Laib” ti di odindi kan ṣoṣo tí a yan, a sì lè kà á ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ipò rẹ̀. “Bread” ni ó ń jẹ́ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, “Brot” ní Jámánì, “brood” ní Họ́láńdì, “brød” ní Dẹ́nmáàkì.

Nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé pín sí méjì. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ tí ó bí “brew”, èyíinì ni ọtí pípọn, ni ó bí i, nítorí ìwúkàrà tí ń mú ọtí ru ni ó ń mú ìyẹ̀fun wú. Àwọn kejì ní òkèlè tàbí èérún ni ó túmọ̀ sí ní àtètèkọ́ṣe, nítorí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, ó sì lè túmọ̀ sí ohun tí a bù lára ohun jíjẹ. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, a rí ìyípadà náà kedere nínú Bíbélì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìhìn rere tí wọ́n túmọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1000, “hlāf” ni wọ́n fi bèèrè oúnjẹ òòjọ́. Nínú Bíbélì ti ẹgbẹ́ John Wycliffe, ní nǹkan bí 1382, “breed” ti gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ipò yìí náà ni ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ dé etí òkun wa, tí ó sì di “búrẹ́dì” lẹ́nu tiwa.

Ẹ ó bi mí pé, níbo ni “hlāf” wá lọ? Kò kú. Ó fi ara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì di ẹni ńlá níbẹ̀.

Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olórí ilé ni wọ́n ń pè ní “hlāfweard”. A ti mọ “hlāf”. “Weard” ni olùṣọ́. Ọ̀rọ̀ “weard” yìí wà nínú “steward” pẹ̀lú, tí í ṣe olùṣọ́ gbọ̀ngàn ilé, ẹni tí Bíbélì wa ń pè ní ìríjú. Olùṣọ́ búrẹ́dì, nígbà náà, ni olórí ilé. Ẹ rántí pé ilẹ̀ olótùútù ni ilẹ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kórè ọkà. Ohun tí wọ́n bá kó sínú àká ní ìgbà ìkórè ni wọn yóò máa jẹ títí òtútù yóò fi lọ tí ọkà tuntun yóò fi gbó. Bí ẹni tí ń ṣọ́ àká bá sùn, tàbí tí ó bá jẹ́ wọ̀bìà, gbogbo ilé ni yóò kú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, nígbà tí àlìkámà tuntun bá dé, wọn a ṣe ìsìn pẹ̀lú búrẹ́dì àkọ́so. “Hlāfmæsse” ni orúkọ ọjọ́ náà, ìsìn búrẹ́dì; “Lammas” ni ó ń jẹ́ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣu tuntun wá sí ilé Ọlọ́run mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni “hlāfweard” ṣe di “lord”? Bí “bàbá ilé” ṣe di “baálé” lẹ́nu wa ni. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́ a máa sún mọ́ra, àárín rẹ̀ a sì máa yọ́. “Hlāfweard” di “hlāford”. Èémí iwájú kúrò, ó di “laverd” àti “loverd”. Nígbà tí ó ṣe, ìró àárín náà tún yọ́, ó di “lord”. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ń pè é kò gbọ́ búrẹ́dì nínú rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré ti lè wí pé “baálé” láìro bàbá, láìro ilé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé àwọn tí ń jẹ búrẹ́dì náà. Ọba Æthelberht ti Kent, tí ó gba Augustine oníwàásù ní 597, ni ó ní àkójọ òfin tí ó pẹ́ jù lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà rẹ̀ kan tí a kọ ní ọ̀rúndún kejìlá kù sílẹ̀ láti Rochester. Nínú òfin náà, wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá pa “hlāfǣta” àgbẹ̀ kan tí kì í ṣe ẹrú, yóò san ṣílè 6. “Hlāfǣta” ni ẹni tí ń jẹ búrẹ́dì, èyíinì ni ẹni tí ó wà lábẹ́ ilé náà tí ilé náà sì ń bọ́. Òfin yìí kọ́ wa ní nǹkan. Àgbẹ̀ lásán ni ó ní ajẹbúrẹ́dì, kì í ṣe ìjòyè. Ẹni tí ó sì ń jẹ búrẹ́dì ní ilé ẹnìkan, ilé náà ni ẹ̀mí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ó ti jẹ́ ẹ̀tọ́ fún olórí láti pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn rẹ̀ láti fún ni jẹ.

Ìyàwó ilé ńkọ́? Òun náà ní orúkọ tirẹ̀ láti inú búrẹ́dì kan náà. “Hlǣfdīge” ni wọ́n ń pè é. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ẹni tí ń po ìyẹ̀fun. Láti ìdí kan náà ni “dough” ti jáde, ìyẹ̀fun pípò, tí ará Jámánì ń pè ní “Teig”. Apòyẹ̀fun búrẹ́dì ni ìyá ilé. “Hlǣfdīge” di “lavedi” àti “levedi”, ó sì di “lady”. Ọ̀rọ̀ kan tí í ṣe ìbátan rẹ̀, “dey”, ni wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin tí ń po ìyẹ̀fun tàbí tí ń ṣiṣẹ́ wàrà. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí “dairy”, ilé wàrà. Ọ̀kan gòkè lọ sí ààfin, èkejì jókòó ti màlúù.

Orúkọ apòyẹ̀fun yìí kò pẹ́ di orúkọ ọlá. Ọmọbìnrin Ọba Alfred kan wà tí ń jẹ́ Æthelflæd, tí ó ṣe àkóso ilẹ̀ Mercia lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó mọ odi yí àwọn ilú ká, àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ sì gba Derby lọ́wọ́ àwọn ará Dẹ́nmáàkì ní 917. Ní 918 ni ó kú. Orúkọ oyè tí ìwé ìtàn ìgbà náà fi pè é ni “hlǣfdīge” àwọn ará Mercia. Obìnrin tí ó darí ogun, apòyẹ̀fun ni oyè rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó rò pé ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ yìí bọlá fún Màríà ìyá Olúwa, wọ́n sì pe ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta, tí áńgẹ́lì mú ìhìn wá fún un, ní “Lady Day”. Títí di 1751, ọjọ́ náà ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì rìn. Olórí ilé ni “lord” kọ́kọ́ jẹ́. Ó di ọ̀gá lórí ẹrú àti ìránṣẹ́. Ó di ọkọ lójú ìyàwó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti lò ó fún Ábúráhámù lẹ́nu Sárà nínú ìwé Pétérù kìíní, orí 3, ẹsẹ 6. Ó di ọlọ́lá tí ó ní ilẹ̀, ó di ìjòyè ọba, ó sì di orúkọ ilé kan nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtìkó.

Ní ti Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi ń pè é jùlọ: “Drihten”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun. Ìgbà tí ọ̀rúndún bíi mélòó kan kọjá, “Drihten” ń rẹ̀yìn, “lord” ń bọ̀ síwájú. Nígbà tí Bíbélì Wycliffe fi dé, “Lord” ti gba ilé. Mo rò ó nínú ọkàn mi, ó sì dùn mọ́ mi. Orúkọ balógun lọ, orúkọ olùṣọ́ búrẹ́dì dúró. Ẹ tún wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àdúrà tí Olúwa kọ́ wa. Wọ́n yọ “hlāf” kúrò láàárín àdúrà náà, níbi tí a ti ń bèèrè oúnjẹ, wọ́n fi “bread” sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n wá ń pe gbogbo àdúrà náà ní “Lord’s Prayer”, “hlāf” sì ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé padà.

Àwọn ará Jámánì kò tẹ̀lé ọ̀nà yìí. “Herr” ni wọ́n ń pe olúwa, ti ọ̀run àti ti ayé, ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ sì ni ẹni tí ó dàgbà jù, ẹni tí ó ní ọ̀wọ̀ jù. “Frau” ni wọ́n ń pe obìnrin, láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí í ṣe abo olúwa. Ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ ni ará Jámánì fi mọ olórí. Búrẹ́dì ni Gẹ̀ẹ́sì fi mọ̀ ọ́n. Àwa Yorùbá a máa wo ewú orí, a sì tún ń wo ọwọ́ tí ń fún ni jẹ, nítorí àwọn àgbà wa ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí “lord” àti “lady” tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ rò. Bí oyè wọn ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì ń jìnnà sí wọn. Ìgbà kan dé tí “lady” túmọ̀ sí obìnrin tí kì í fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun, tí ẹlòmíràn ń po ìyẹ̀fun fún. Ìgbà kan dé tí “lord” túmọ̀ sí ẹni tí ẹlòmíràn ń gbin ọkà fún. Olùṣọ́ búrẹ́dì di ajẹbúrẹ́dì, orúkọ rẹ̀ kò sì yí padà. Mo ti gbọ́ pé ènìyàn lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù kí ó sì di oyè rẹ̀ mú. Ìtàn ọ̀rọ̀ yìí fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí, àwọn ènìyàn ní láti wá ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ tí orúkọ àtijọ́ ti fi sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe “breadwinner”, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kí ilé lè rí búrẹ́dì jẹ. Àwọn ará Jámánì ṣe “Brotherr”, olúwa búrẹ́dì, wọ́n sì fi ń pe ẹni tí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́ tí ó sì ń san owó ọ̀yà. Ẹ kíyèsi i: “Brotherr” àti “hlāfweard” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìtumọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé, ará Jámánì tún un ṣe láìmọ̀ pé ẹnìkan ti ṣe é rí. Oyè a máa yọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ebi kì í yọ́ nínú, ilé kò sì lè wà láìsí ẹni tí ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Àwa náà ti ní ìpín nínú ìtàn yìí. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, wọ́n bá búrẹ́dì pàdé nínú rẹ̀ níbi púpọ̀. Àkàrà ni ohun tí ó wà nílé tí wọ́n rí pé ó sún mọ́ ọn, nítorí náà ni a fi ní “àkàrà àìwú” àti “àkàrà ìfihàn” títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà ni a fi ń ṣe àkàrà tiwa. Nínú àdúrà Olúwa, wọ́n kọ “oúnjẹ”, wọ́n sì ṣe é dáadáa, nítorí ẹni tí kò jẹ búrẹ́dì rí nígbà náà mọ ohun tí ebi jẹ́. Fún “Lord”, wọ́n kọ “Olúwa”. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì yẹ Ẹni tí a fi ń pè. Kò sí ìwúkàrà nínú rẹ̀, kò sì sí àká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yóò rántí, nígbà tí ó bá kà á, pé ẹni tí ń bọ́ ilé ni a ń pè.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní, “Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ‘Lord’ ni bàbá kan tí ń ṣọ́ oúnjẹ fún àwọn ará ilé rẹ̀.” Ó rò ó díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Sà, bí bàbá náà kò bá wá fún wọn jẹ ńkọ́, ṣé ‘Lord’ ṣì ni?”

Ẹ̀yin ará mi, èmi kò ní ìdáhùn kan fún un láti inú ìwé. Mo sọ fún un pé àwọn ènìyàn yóò ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì yóò jẹ́rìí fún un. Ìbéèrè ọmọ náà ni mo fẹ́ kí a bá lọ sí ilé ní alẹ́ òní. Púpọ̀ nínú wa ni a ń pè ní baálé àti ìyálé. Àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, alàgbà nínú ìjọ, olórí ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù wo orúkọ tí a ń pe òun, kí ó sì wo inú rẹ̀ bóyá búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀: bóyá ìránṣẹ́ ti jẹun kí òun tó jẹun, bóyá a ti san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, bóyá opó tí ń gbé nínú ọgbà ilé wa mọ ibi tí a ń gbé ìkòkò kà. Bí ó bá wà níbẹ̀, orúkọ náà tọ́ sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ilé kò jìnnà. Kí ó padà lọ sí ẹnu ọ̀nà àká, kí ó ṣí i.